Tíntín Onílé, Tíntín Àlejò: Ìtàn Ẹyẹ Arìnrìn-àjò ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì



Bí mo bá sọ pé mo fẹ́ kọ ìtàn nípa ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín yóò máa retí. Ẹ ó máa retí Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí àti ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí wọ́n sì ṣe àdéhùn àlàáfíà lé lórí ní ọdún 1886. Tàbí kí ẹ máa retí Alárá ti Aramọkọ àti Ajerò ti Ìjerò, àwọn ọba tí orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ ẹsẹ Ifá rí. Gbogbo èyí ni ó tó kọ, èmi náà yóò sì padà sí wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹyẹ ni mo gbé wá lónìí. Ẹyẹ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè fi àtẹ́lẹwọ́ kan bò ó mọ́lẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kò pani lójú: ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ewé tí ó ń gbẹ, àyà rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè tí kò tíì pọ́n tán. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní willow warbler.

Láti nǹkan bí oṣù Ọ̀wàrà títí di oṣù Igbe, ẹyẹ yìí ń gbé láàárín wa. Ó ń ṣa kòkòrò jẹ lórí igi oko wa, ó sì ń bá wa la ọyẹ́ já. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ díẹ̀, ó di gbére. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn a máa jí ní kùtùkùtù ní oṣù Igbe láti lọ gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí pé dídé rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ìgbà ìrúwé ti wọlé. Ìgbà ìkíni-káàbọ̀ tiwọn ni ìgbà ìdágbére tiwa. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kan ẹyẹ, ó kan ìtàn, ó sì kan iṣẹ́ èdè tí èmi fúnra mi ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí mo gé kúrú ní Aramọkọ

Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo lọ kó ọ̀rọ̀ jọ ní Aramọkọ àti ní agbègbè rẹ̀. Ohun tí mo ń wá nígbà náà ni ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé Yorùbá àjùmọ̀lò kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n ẹ̀ka-èdè Èkìtì gbà á: usu ni wọ́n ń pe iṣu, ulé ni wọ́n ń pe ilé, ugi ni wọ́n ń pe igi. Mo ní ìwé kan lọ́wọ́ tí mo to ọ̀rọ̀ sí lọ́wọ̀ọ̀wọ́: ẹ̀yà ara, ohun èlò ilé ìdáná, ewéko, ẹran, ẹyẹ.

Bàbá kan ni mo jókòó tì, àgbẹ̀ ni, ó sì ti ṣe ọdẹ nígbà èwe rẹ̀. A ṣe àdàbà, a ṣe àparò, a ṣe òwìwí. Nígbà tí a kan tíntín, bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Tíntín wo? Ti onílé ni, àbí ti àlejò?” (Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síhìn-ín ní Yorùbá àjùmọ̀lò.) Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Bàbá, ẹ ṣáà pè é fún mi bí ẹ ṣe ń pè é.” Ó pè é. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: tíntín, ẹyẹ kékeré. Mo ṣí ojú ìwé kejì. Ọ̀rọ̀ náà kò fi u bẹ̀rẹ̀, kò sì wúlò fún ohun tí mo ń wá.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí bàbá fi lọ̀ mí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ẹranko ni ó ka ìwé mi tí ó bi mí pé irú tíntín wo ni mo kọ síbẹ̀, nítorí pé oríṣiríṣi ẹyẹ kéékèèké ni ó wà ní igbó Èkìtì, tí àwọn kan kì í sì í ṣe ará ilé. Ara mi bù máṣọ. Ìbéèrè bàbá gan-an ni. Nígbà tí mo fi padà sí Aramọkọ, bàbá ti papò dà. Gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa tíntín àlejò, èmi ni mo ní kí ó má sọ ọ́.

Ohun tí àwọn baba wa mọ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Yorùbá kò ka ẹyẹ sí. Ìwé atúmọ̀-èdè tí R. C. Abraham ṣe jáde ní ọdún 1958 kún fún orúkọ ẹyẹ, ó sì fi orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò ti púpọ̀ nínú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá yẹ àwọn orúkọ náà wò, ẹ ó rí i pé etí ni àwọn baba wa fi sọ ọ̀pọ̀ ẹyẹ lórúkọ kí ojú tó dá sí i. Kowéè ń ké orúkọ ara rẹ̀ lóru, àyà àwọn tí ó gbọ́ a sì já. Ẹ̀lulùú ń ké bí ẹni ń da omi láti inú ṣágo, a sì ní òun ni ó ń pe òjò, tí òjò náà kò sì ní yọ orí tirẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé ẹyẹ ní àkókò. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ni lékeléke ń ya wọ ìlú wa lẹ́yìn màlúù. Àwọn ọmọdé a na èékánná sí i, wọn a ní kí ó fún àwọn ní funfun. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, lékeléke a kọrí sí àríwá láti lọ yé ẹyin. Àwòdì náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tirẹ̀. Níbi tí igbó bá ti ń jó ni ẹ ó ti rí i lókè tí ó ń wá eku àti tata. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ èyí, bí kò tilẹ̀ ka ìwé kankan.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àròjinlẹ̀. Etí gbọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú orúkọ rẹ̀, ó sì bá a mu, nítorí pé abẹ́ òrùlé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn ń fi amọ̀ kọ́ ilé sí. Àwọn wọ̀nyẹn ni onílé. Ṣùgbọ́n alápàáǹdẹ̀dẹ̀ mìíràn wà tí kì í kọ́ ilé lọ́dọ̀ wa rárá. Ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ń kọ́ ilé tirẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń bá wa gbé, tàbí kí ó gba orí wa kọjá lọ sí gúúsù Áfíríkà. Ní Ebbaken, lẹ́bàá abúlé Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, iye irú alápàáǹdẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ń sùn sórí koríko òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lé ní mílíọ̀nù kan. Orúkọ kan ni onílé àti àlejò ń jẹ́ lẹ́nu wa, gẹ́gẹ́ bí tíntín ti jẹ́ orúkọ fún ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí kò tó nǹkan lójú.

Ohun tí àwọn Òyìnbó kò mọ̀

Ní apá kejì ayé ńkọ́? Àwọn ará Yúróòpù ń rí ẹyẹ wọn láti ìgbà ìrúwé títí di ìgbà ìkórè, lẹ́yìn náà wọn a pòórá. Fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, àríyànjiyàn ni ó wà lórí ibi tí wọ́n ń lọ. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì, mọ̀ pé àwọn ẹyẹ kan ń rìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n ó gbà pé àwọn mìíràn ń sá pamọ́ sínú ihò, ó sì kọ ọ́ pé ẹyẹ kan lè pa ara dà di ẹyẹ mìíràn nígbà òtútù. Ní ọdún 1555, Olaus Magnus, bíṣọ́ọ̀bù ará Sweden, kọ ọ́ pé àwọn apẹja a máa fi àwọ̀n fa alápàáǹdẹ̀dẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ odò tí ó ti di yìnyín. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Charles Morton ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì sọ pé inú òṣùpá ni wọ́n ń lọ.

Ẹ má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ẹni tí ó rí ìdajì ohun kan, ìdajì kejì a máa dàrú mọ́ ọn lójú. Àwa náà rí ìdajì tiwa, a kò sì mọ ibi tí ìdajì kejì wà.

Ní ọdún 1822, ẹyẹ àkọ̀ kan balẹ̀ ní agbègbè Mecklenburg ní ilẹ̀ Jámánì, tòun ti ọ̀kọ̀ tí ó gún un ní ọrùn. Ọ̀kọ̀ náà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 80, igi àti irin rẹ̀ sì fi hàn pé Áfíríkà ni ó ti wá. Ẹyẹ náà gbé ọ̀kọ̀ fò wálé, ìbọn ni wọ́n sì fi pa á níbẹ̀. Ó wà ní Yunifásítì Rostock di òní. Ọdẹ Áfíríkà kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ni ó fi ọ̀kọ̀ fèsì ìbéèrè tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lé lórí.

Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ ni òrùka dé. Ní ọdún 1899, Hans Christian Mortensen, olùkọ́ kan ní ìlú Viborg ní Denmark, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀, ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ó sì tú wọn sílẹ̀. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1911, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ John Masefield fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ní ilé rẹ̀ ní Staffordshire, ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1912, wọ́n mú ẹyẹ náà ní Natal, ní gúúsù Áfíríkà. Òrùka kékeré yẹn parí àríyànjiyàn òṣùpá àti ti ìsàlẹ̀ odò.

Orúkọ kan, ẹyẹ mẹ́ta

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè fi ọkàn sí gan-an nìyí. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó, pé ẹyẹ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún, tíntín lásán ni àwa ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a wo bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe rí orúkọ náà.

Títí di àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, orúkọ kan ṣoṣo, willow-wren, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹyẹ mẹ́ta tí ó jọra bí ìbejì. Àlùfáà kan wà ní abúlé Selborne ní gúúsù Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Gilbert White ni orúkọ rẹ̀. Ọgbà rẹ̀ àti igbó abúlé rẹ̀ ni ó ń rìn káàkiri lọ́dọọdún. Kò ní awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn bí irú èyí tí a ń lò lónìí. Etí ni ó fi ṣiṣẹ́. Ó gbọ́ pé ọ̀kan ń kọ orin tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì ń tún ìró méjì pè ṣáá. Ẹ̀kẹta, tí ń gbé orí igi gíga, ń gbọ̀n ohùn bí ẹni pé owó ẹyọ ń yí lórí àwo. Ní oṣù Ògún ọdún 1768, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Thomas Pennant pé ó ti dá òun lójú pé ẹyẹ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìwé tí ó kó irú àwọn lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jọ sí jáde ní ọdún 1789. Àwọn mẹ́ta náà ni a ń pè lónìí ní willow warbler, chiffchaff àti wood warbler. Èkejì, ìró méjì tí ó ń tún pè náà ni ó di orúkọ rẹ̀, bí kowéè tiwa gan-an.

Nítorí náà, kì í ṣe pé èdè kan lọ́rọ̀ tí èkejì tálákà. Ẹnì kan ni ó fara balẹ̀, tí ó gbọ́, tí ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Bàbá Aramọkọ ti fara balẹ̀, ó ti gbọ́, ó sì ti pín wọn sí onílé àti àlejò. Ẹni tí ó yẹ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni ó ń kánjú.

Ẹ tún wò ó: White fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n rẹ̀, kò lè gbà tán pé gbogbo alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ló ń fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀, títí di òpin ayé rẹ̀ ni ó ń rò pé àwọn kan lè máa sùn nínú ihò. Bí ó bá ṣeé ṣe kí ó bi àgbẹ̀ Èkìtì kan léèrè, ì bá ti gbọ́ pé àwọn àlejò ń dé nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àgbẹ̀ náà ì bá sì gbọ́ pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń yé ẹyin. Kò sí ẹni tí ó so wọ́n pọ̀.

Bí ìmọ̀ náà ṣe dé ilẹ̀ wa

Ìgbà tí yunifásítì dé Ìbàdàn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ nílẹ̀ yìí. John Elgood, onímọ̀ nípa ẹranko tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó fi ẹyẹ kan tí ó jọ ẹ̀ga hàn fún ayé ní ọdún 1958, ẹyẹ tí orúkọ ìlú Ìbàdàn wà nínú orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀, Malimbus ibadanensis. Ní ọdún 1966, òun, R. E. Sharland àti P. Ward kọ àkójọ gígùn kan lórí àwọn ẹyẹ tí ń ti Yúróòpù àti Éṣíà wá sí Nàìjíríà. Ní ọdún 1973, òun àti àwọn ẹlòmíràn tún kọ èkejì, lórí àwọn ẹyẹ bíi lékeléke tí kì í kúrò ní Áfíríkà ṣùgbọ́n tí ń bá òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn rìn. Ẹ kíyè sí i pé ìpín onílé àti àlejò ni iṣẹ́ méjèèjì ń tọ̀. Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ tí ó wà ní Laminga nítòsí Jos ti tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà nínú iṣẹ́ yìí, àwọn olùfẹ́ ẹyẹ káàkiri orílẹ̀-èdè sì ń ya àwòrán ilẹ̀ tí yóò fi ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà hàn.

Nínú ẹyẹ mẹ́ta ti White, méjì ni a lè bá ní igbó àti oko tiwa ní gúúsù, willow warbler àti wood warbler. Ẹ̀kẹta kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àkọ́kọ́, kí ẹ lè mọ irú àlejò tí a ń gbà.

Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá lọ. Láti Aramọkọ dé Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹyẹ bá lè fò tààrà, tó nǹkan bíi kìlómítà 5,000, aṣálẹ̀ Sàhárà sì dábùú ọ̀nà náà. Kí ó tó dáwọ́ lé aṣálẹ̀, yóò jẹun títí ọ̀rá yóò fi dì sí i lára. Ọ̀rá yẹn ni epo ọkọ̀ rẹ̀. Garden warbler, ọmọ ìyá rẹ̀ kan tí òun náà ń bá wa gbé, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ó tó gbéra. Òru ni wọ́n ń rìn. Ní àárín ọ̀rúndún ogún, Franz Sauer àti ìyàwó rẹ̀ Eleonore kó irú àwọn ẹyẹ bẹ́ẹ̀ wọ gbọ̀ngàn kan ní Jámánì tí a lè fi iná ya ìràwọ̀ sí àjà rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìràwọ̀ ni wọ́n ń wò láti mọ apá ibi tí wọn yóò kọrí sí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ́ wọn.

Ohun kan wà nípa rẹ̀ tí ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni willow warbler ń pààrọ̀ gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, lẹ́ẹ̀kan ní Áfíríkà. Ìyẹ́ tí ó fi ń fò padà lọ kọrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Igbe, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti hù. Kòkòrò orí igi wa ni ó fi hù ú. Yorùbá ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Èwo wá ni ilé ẹyẹ yìí, èwo sì ni àjò?

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní Ìpólé-Ìlórò

Ní oṣù Ẹrẹ́nà kan tí kò tíì pẹ́, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí Ìpólé-Ìlórò, níbi tí omi Àríntà ti ń já wálẹ̀ láti orí òkè, kò sì jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Kí a tó wọ ọkọ̀, mo ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ ẹyẹ mẹ́wàá ní èdè Yorùbá. Ọ̀pọ̀ wọn kò kọjá méje, adìyẹ, pẹ́pẹ́yẹ àti tòlótòló sì wà nínú méje náà. N kò bá wọn wí. Èmi náà tí mo mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti gbọ́ ohun tí mo fi ìmọ̀ mi ṣe ní Aramọkọ.

A dé ẹ̀bá igbó kí oòrùn tó mú. Òjò ti rọ̀ lálẹ́ àná, ewé ṣì ń kán. Fún bí ìdajì wákàtí, a kò rí nǹkan kan ju ẹ̀ga lọ. Lẹ́yìn náà, ní ṣóńṣó igi kan, ohùn tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ lókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì kú síbẹ̀ bí ẹni tí oorun gbé lọ. Mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ bí a ti ń kọ ohùn ọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n kọ kò bára mu délẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mí tí ó sì parí sí dò. Etí wọn kò ní àbùkù. Ọmọ tí ó gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀, kò sí orin ẹyẹ tí ó lè ṣòro fún un.

Ìyá àgbà kan ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí. A kí i. Ó dáhùn, ó sì dúró.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ẹ ń wò lókè?”

“Ẹyẹ ni, mà.”

Ó gbé ojú sókè díẹ̀ lábẹ́ ẹrù rẹ̀, ó tẹ́tí. “Èyí tí ń sunkún yẹn? Wọ́n ń múra àtilọ ni. Bí a bá fi gbin àgbàdo tán, ẹ kò ní gbọ́ wọn mọ́.”

Ọkàn mi sọ kúlú. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ ń pè é?”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń fi òun ṣeré. “Tíntín ni. Olùkọ́ tó tó yín, ẹ kò mọ tíntín?” Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, n kò ṣí ojú ìwé kejì. Mo gba ẹrù lórí ìyá, a jókòó sórí òkúta, mo sì bi í pé, “Tíntín wo, mà? Ti onílé ni, àbí ti àlejò?” Ọ̀rọ̀ tí a sọ lẹ́yìn èyí kún ojú ìwé mẹ́ta, iṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀.

Ilé là ń wò

Kí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún wa? Ohun méjì ni.

Èkíní, àwọn ẹyẹ náà ń dín kù. Láti ọdún 2009 ni wood warbler ti wà lára àwọn ẹyẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sí ìlà pupa, ìyẹn àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń bani lẹ́rù jù. Wọn kò lè fi ọgbọ́n ilẹ̀ wọn nìkan gbà á là, nítorí pé ìdajì ayé rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ tiwa àti ojú ọ̀nà ni ó ti ń lò ó. Igbó tí a fi igi gẹdú rẹ̀ kún ọkọ̀ ní agbègbè Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò, igi ńlá tí a gé kúrò láàárín oko kòkó, inú wọn ni ìyẹ́ tuntun ti ń hù. N kò sọ pé kí àgbẹ̀ má roko. Ẹni tí ebi ń pa kò ní gbọ́ ìwàásù ẹyẹ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó fi igi díẹ̀ sílẹ̀ láti ṣíji bo kòkó rẹ̀ ti ṣe ara rẹ̀ lóore, ó sì ti ṣe àlejò lóore.

Èkejì, ìmọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn àgbà wa náà ń dín kù, kò sì sí ẹni tí ó fi í sí ìlà pupa kankan. Ìmọ̀ náà kì í sábà jẹ́ orúkọ lásán. Nígbà mìíràn, ìbéèrè ni: ti onílé ni, àbí ti àlejò? Bí a bá lọ bá wọn pẹ̀lú ìwé tí a ti to ọ̀rọ̀ sí ṣáájú, ohun tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni a ó gbé padà bọ̀ wálé.

Àwọn kan ti ní kí n dá orúkọ tuntun fún willow warbler ní Yorùbá, nítorí pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo kọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, n kò sì tíì wo ilé yìí tán. Ó lè jẹ́ pé orúkọ wà ní abúlé kan lẹ́yìn Òkèmẹ̀sí, tàbí ní Ìkọgòsì, lẹ́nu ìyá kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà àti bàbá àgbà láyé, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ mú oṣù Ẹrẹ́nà tàbí oṣù Igbe, kí ẹyẹ náà tó lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí igi, kí ẹ béèrè, kí ẹ sì dákẹ́. Bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè padà, ẹ má ṣe ṣe bí mo ti ṣe.

Ire o. Ó dìgbà kan ná.